Òdòdó Inú Gíláàsì Ìyá Sálámátù

Ọpẹ́ ni fún Ọba tí ó mọ ohun tí ó wà nínú ọwọ́ tí a dì. Ìkẹ́ àti ọlà kí ó máa bá Ànábì wa, ẹni tí àwọn tí kò gbà á gbọ́ pàápàá ń kó ẹrù wọn fún pa mọ́, nítorí wọ́n mọ̀ pé yóò dá a padà.

Ẹ̀yin baba mi, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ dúró lẹ́yìn nítorí pé ẹní kò kárí, ọ̀rọ̀ amánà ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Amánà ni ohun tí ẹlòmíràn fi sí ọ lọ́wọ́, tí ó sì kọ ẹ̀yìn sí ọ. Gbogbo wa la mọ̀ pé olè kò dára. Ṣùgbọ́n olè ń já ilẹ̀kùn kí ó tó wọlé. Ẹni tí ó jẹ amánà kò já ohunkóhun. Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un, wọ́n ní kí ó jókòó, wọ́n bu omi tútù fún un.

Ọ̀rọ̀ kejì sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí o ṣẹ Ọlọ́run, bí o bá sunkún tí o sì ṣe túúbá, Aláàánú ni Ọlọ́run. Ohun tí o ṣẹ ọmọ ènìyàn ńkọ́? Ọmọ ènìyàn náà ni o máa wá lọ. Ṣé ẹ gbọ́? O máa wá a lọ, o máa dá ohun tirẹ̀ padà fún un, o máa bẹ̀ ẹ́. Bí o bá dé ọ̀hún tí o kò sì bá a láyé mọ́, ta ni o fẹ́ bẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn Ṣùáíbù fún yín. Kì í ṣe ìtàn ẹ̀rín. Bí ẹ bá bá ẹ̀rín pàdé nínú rẹ̀, ẹ rín in kíá, kò ní pẹ́ lọ.

Ìlọrin ni Ṣùáíbù ń gbé. Bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀, iṣẹ́ lántànà ni wọ́n ṣe, òkúta pupa tí wọ́n ń lọ̀ lórí ọlọ títí yóò fi di ìlẹ̀kẹ̀. Nígbà tí ó kan Ṣùáíbù, lántànà kò fi bẹ́ẹ̀ tà mọ́. Ó wá rí i pé àwọn ọmọge ìsinsìnyí fẹ́ràn ohun àtijọ́, bí kò bá ṣáà ti wúwo. Ló bá ń gba ìlẹ̀kẹ̀ ìyá àgbà wọn, ó ń gba gíláàsì àtijọ́, ó ń gé wọn, ó ń dán wọn, ó ń fi fàdákà dè wọ́n ní òrùka àti yẹtí. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ níṣẹ́. Èyí tí ó bá ṣe, ẹ ó rò pé bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn.

Òfin kan wà nínú iṣẹ́ náà tí bàbá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́: a kì í gé ohun olóhun lẹ́yìn olóhun. Bí o bá gbé ìlẹ̀kẹ̀ wá, wọn yóò fún ọ ní àpótí, wàá jókòó, wàá máa wò bí wọ́n ti ń gé e. Bí wọ́n bá gé e tán, wọn yóò fi aṣọ funfun gbá ìyẹ̀fun tí ó kù nídìí ọlọ, wọn yóò dì í fún ọ mọ́ ọn. Ìyẹ̀fun òkúta! Kí ni èèyàn fẹ́ fi ṣe? Bàbá Ṣùáíbù a máa dá wọn lóhùn pé, "Kò kàn mí. Lọ dà á nù sí ilé rẹ. Tìrẹ ni."

Ní ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Àìlá, Ìyá Sálámátù wọlé wá; orúkọ òun fúnra rẹ̀ ni Sálámátù. Opó ni. Ọmọ kan ṣoṣo tí ó bí, Àwáwù, ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni, ní ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Ó bímọ tán, ó ní òtútù ń mú òun, kò tún sọ ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́.

Ṣùáíbù dìde fún un. "Ẹ káàbọ̀, Ìyá. Ẹ kú ara fẹ́ra kù. Ọlọ́run yóò tẹ́ ẹ sí àlùjánnà."

"Àmín, Ṣùáíbù. Ó ti lọ. Ó fi mẹ́ta sílẹ̀ fún mi, obìnrin ni wọ́n. Sìdíkátù àti Ráfátù yóò wà lọ́dọ̀ mi. Èyí tí ó bí kẹ́yìn, Ṣìfáwù, ọmọ ọwọ́ ni, èmi kò sì ní ọmú. Ẹ̀gbọ́n bàbá wọn obìnrin ti wá láti Támálè ní ilẹ̀ Gáná. Òun ni yóò gbé e lọ tọ́."

"Támálè! Ìyá, ọ̀nà náà mà jìn o."

"Ó jìn. Ìdí tí mo fi wá nìyẹn."

Ó tú ìṣẹ́tí ìborùn rẹ̀. Ohun tí ó bọ́ síta kò gùn ju àtàǹpàkò lọ. Ó dúdú bí igi tí iná ti jó. Ṣùáíbù wò ó, kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ìyá náà wá yí orí nǹkan náà síta, níbi tí wọ́n ti gé e rí tí wọ́n sì ti dán an. Ṣùáíbù bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn.

Òdòdó ni ó wà níbẹ̀. Nínú gíláàsì tí ó rí bí aró, ewé funfun mẹ́fà yí ojú pupa kékeré kan ká. Ewé márùn-ún nà tọ́ọ́rọ́. Ìkẹfà ṣẹ́ lápá kan, bí ìgbà tí ọwọ́ ẹni tí ó ṣe é gbọ̀n.

"Bàbá bàbá mi fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Mẹ́kà," ni ìyá náà wí. "Ọdún méje ni wọ́n fi retí rẹ̀. Ó ra èyí ní Mísírà lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí ó ń wú nǹkan nínú iyanrìn. Ọkùnrin náà ní àwọn tí ó ṣe é ti kú tipẹ́tipẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ wọn mọ́. Òdòdó yìí lọ láti orí dé ìdí rẹ̀. Níbi tí ó bá wù ọ́ kí o ti gé e, òun náà ni wàá bá, pẹ̀lú ewé rẹ̀ tí ó ṣẹ́. Gé e sí mẹ́ta fún mi. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fi kọ́ ọrùn. Bí èmi bá kú, tí èyí tí ó lọ Támálè bá padà wálé, òun ni wọn yóò fi mọ ara wọn."

"Ìyá, ṣé ìwé kò ní tó?"

"Ìwé ń jóná. Orúkọ, ẹnikẹ́ni lè gbọ́ orúkọ. Ṣé o rántí obìnrin tí ó wá sí ilé wa, tí ó ní ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni òun, tí ó bá wa gbé fún oṣù kan gbáko?"

"Mo rántí rẹ̀. Ṣé kì í ṣe èyí tí ó kó aṣọ yín lọ? Wọ́n ní ó gbé abọ́ ìrẹsì pàápàá."

"Abọ́ ìrẹsì, pẹ̀lú ìrẹsì nínú rẹ̀," ni ìyá náà wí, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Àwáwù, ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí ìyá yẹn rín nìyẹn. Ẹ má gbàgbé ibi tí ó ti rín in.

Ó jókòó sórí àpótí, Ṣùáíbù sì ń palẹ̀ mọ́, ó ń ku iyanrìn, ó ń pọn omi sí agolo. Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí wọ́n fi pe ìrun Àsárì. Ìyá náà dìde.

"Ẹ jẹ́ kí n dúró dè yín, Ìyá. A kì í gé e lẹ́yìn olóhun."

"Ojú mi tí ó ti ń ṣú yìí, kí ni ó fẹ́ ṣọ́? Máa gé e lọ, ọmọ ni mo gbé sílẹ̀. Mo fi ọ́ ti Ọlọ́run."

Ó wọ sálúbàtà rẹ̀, ó lọ. Ẹ̀yin ará mi, ọ̀rọ̀ wo ni ó tún wúwo ju èyí lọ? Kò sọ pé, "Mo fọkàn tán ọ." Ó ní, "Mo fi ọ́ ti Ọlọ́run."

Ó yẹ kí Ṣùáíbù náà dìde lọ kírun. Kò lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn kan náà, Àlàájà Múínátù, oníṣòwò aṣọ, ti dúró sí ẹnu ọ̀nà yẹn, ó ní òun ń fẹ́ òrùka tí ó ní gíláàsì àtijọ́, èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi sọ́wọ́ rí nílùú. Ṣùáíbù ti ní òun kò ní. Ó wá ń wo gíláàsì yìí. Ó fi èékánná wọ̀n ọ́n. Bí òun bá gé e sí mẹ́ta, yóò nípọn ju bó ti yẹ lọ. Bí òun bá gé e sí mẹ́rin, yóò ṣì dára.

Ṣàtánì kì í sọ fún ọmọ ènìyàn pé kí ó jalè. Kò gọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó sọ fún Ṣùáíbù ni pé, "Mẹ́ta ni ó béèrè. Mẹ́ta náà ni wàá fún un. Kí ni ó wá kù?"

Ó mú okùn irin tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Àkọ́kọ́ bọ́ síwájú rẹ̀, òdòdó là. Èkejì. Ẹ̀kẹta. Níbi tí ó ti ń ṣe ìdí èyí tí ó kù, etí rẹ̀ wà ní mọ́ṣáláṣí, ó ń gbọ́ bóyá ìmáàmù ti sàlámà. Omi gbẹ lábẹ́ irin, kò bu òmíràn sí i. Ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ yẹn rí mọ̀ pé gíláàsì kò fẹ́ ooru. Ó dún tín-ín, bí ìgbà tí èèyàn fi èékánná ta ife. Ẹ̀kẹrin fọ́ sí wẹ́wẹ́.

Ẹ dúró ná, ẹ bá mi wò ó. Mélòó ni ó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀? Mẹ́ta. Ọmọ mélòó ni? Mẹ́ta. Ọlọ́run ti dí ọ̀nà ẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ọn, Ó sì ṣí ọ̀nà ilé sílẹ̀ gbayawu. Kí ó fi mẹ́ta fún ìyá náà, kí ó wẹ ọwọ́ rẹ̀, kí ó lọ san ìrun tí ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ti fi ọ̀kan sọ́wọ́ Àlàájà Múínátù tán, ọkàn kì í sì í fẹ́ bọ́ òrùka tí ó ti wọ̀.

Ó ní àwo kan tí gíláàsì tuntun kún inú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun, tí àwọn náà ní òdòdó. Ó ṣà wọ́n títí ó fi rí ọ̀kan tí ó jọ ọ́: ó rí bí aró, ojú rẹ̀ pupa, ewé funfun mẹ́fà. Ó kàn jẹ́ pé ewé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni ó nà. Ẹ̀rọ ni ó ṣe é, ọwọ́ ẹ̀rọ kì í sì í gbọ̀n. Ó fi fàdákà dè é bí ti méjì tòótọ́, ó sì fi ẹ̀kẹta tòótọ́ ṣe òrùka fún Àlàájà.

Ọjọ́ kẹta, ìyá náà padà wá gbà wọ́n. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, ó wá ń fi ìka wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbé ẹ̀kẹta sókè, ó gbé e sílẹ̀, ó tún gbé e.

"Ṣùáíbù, èyí mà fúyẹ́."

Ìdáhùn ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó mọ̀: "Mo mọ̀ọ́mọ̀ gé e fẹ́lẹ́ ni, Ìyá. Ti ọmọ ọwọ́ ni, kí ó má baà wọ̀ ọ́ lọ́rùn."

"Háà." Omi lé ròrò sí ìyá náà lójú. "O ro ti ọmọ náà mọ́ ọn. Ọlọ́run á jẹ́ kí wọ́n ro tìrẹ náà." Ó ya ẹ̀kẹta sọ́tọ̀ fún Ṣìfáwù. Ó wá na ọwọ́. "Ìyẹ̀fun mi dà?"

Ṣùáíbù fi ìyẹ̀fun fún un nínú aṣọ funfun. Àfọ́kù ẹ̀kẹrin, ó ti dà á sí gọ́tà.

Bí ọmọ náà ṣe lọ sí Támálè nìyẹn. Ọdún karùn-ún, Ìyá Sálámátù kú. Kí ó tó kú, ó pe Sìdíkátù àti Ráfátù, ó ní, "Ẹni tí ó bá wá bá yín, ẹ wo ọrùn rẹ̀. Kí ẹ má wo ẹnu rẹ̀." Ìròyìn Támálè ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ó yá, kò wá mọ́. Ṣùáíbù di ẹni ńlá. Ó ń kírun ní sọ́ọ̀fù àkọ́kọ́. Bí ọ̀rọ̀ gíláàsì yẹn bá sọ sí i lọ́kàn, a sọ fún ara rẹ̀ pé, "Ọ̀ṣọ́ lásán ni. Ta ni ọ̀ṣọ́ pa rí?"

Ọdún méjìlélógún kọjá. Ọjọ́bọ̀ kan ni, ọjọ́ Jímọ̀ tí ó tẹ̀ lé e ni wọ́n fẹ́ wé láwàní fún un, kí ó di Bàbá Àdínì mọ́ṣáláṣí wọn. Obìnrin mẹ́ta wọlé tọ̀ ọ́. Ó mọ méjì: Sìdíkátù ni, tí ó ti sanra, àti Ráfátù tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú. Ẹ̀kẹta jẹ́ ọ̀dọ́, ó sì lóyún. Eruku ọ̀nà ṣì wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o," ni Sìdíkátù wí. "Ẹ bá wa dá ẹjọ́ kan. Ẹni yìí ní àbúrò wa ni òun. Ó mọ orúkọ ìyá wa, ó mọ orúkọ ìyá àgbà. Kò mọ̀ pé ilé wa ti gba àlejò rí, a sì ti ra abọ́ ìrẹsì tuntun."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rọra," ni Ráfátù wí. "Ẹ wo etí rẹ̀. Etí Ìyá gan-an ni."

"Etí! Gbogbo ènìyàn ló ní etí, Ráfátù."

Ọ̀dọ́bìnrin náà kúnlẹ̀. "Bàbá, Ṣìfáwù ni orúkọ mi. Ìyá tí ó tọ́ mi ní Támálè ti jáde láyé. Ọkọ mi ní kí n dúró kí n bímọ ná kí n tó rìn. Ẹ̀rù ń bà mí ni. Ọjọ́ ìkúnlẹ̀ ni ó pa ìyá tí ó bí mi. Bí ó bá pa èmi náà, mo fẹ́ kí ọmọ mi ní ibì kan tí wọn yóò ti máa pè é ní tiwa. Èmi kò wá pín ogún. Kí wọ́n ṣáà mọ̀ mí ni."

Ó bọ́ gíláàsì ọrùn rẹ̀. Àwọn méjì tí ó kù bọ́ tiwọn. Ṣùáíbù tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, ó to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síbẹ̀. Lára méjì, ewé kan ṣẹ́. Lára ẹ̀kẹta, ewé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà nà.

Ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Fàdákà tí òun fúnra rẹ̀ dè ni. Ìdè kan náà lára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí ẹlòmíràn nílùú tí ó lè dá a mọ̀ àfi òun. Gbólóhùn kan ni ó kù: "Èmi ni mo pààrọ̀ rẹ̀." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó la ẹnu rẹ̀. Láwàní wà lórí ìkọ́ ní yàrá kejì, wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti fi tùràrí sí i. Ó rí i láti ibi tí ó jókòó sí.

"Kì í ṣe ara kan náà," ni ó wí.

Ẹ̀yin ará mi, ẹ wá irọ́ inú gbólóhùn yẹn kàn mí. Kò sí níbẹ̀. Òtítọ́ ni. Òtítọ́ ni ó fi pa ọmọ olóhun.

Sìdíkátù mí kanlẹ̀. Ráfátù bojú. Ọ̀dọ́bìnrin náà kò pariwo. Ó ní, "Ṣé ó dá yín lójú, Bàbá?"

"Ó dá mi lójú."

"Wọ́n ní ìyá àgbà mi fúnra wọn ni wọ́n fi kọ́ mi lọ́rùn. N kò bọ́ ọ rí ju òní lọ." Ó so ó padà mọ́ ọrùn rẹ̀, ó sì dìde tipátipá nítorí oyún. "Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ níbí?"

Ráfátù sáré bá a dé ẹnu ọ̀nà, ó bọ́ ìborùn orí ara rẹ̀, ó fi bo èjìká rẹ̀. Bí ó ṣe lọ nìyẹn.

Ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n wé láwàní fún Ṣùáíbù. Ó ní tí ó bá ti di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, òun yóò lọ bá wọn sọ ọ́. Ó di oṣù tí ń bọ̀. Ó di lẹ́yìn ààwẹ̀. Ó wá sọ pé bí òun bá dé Mẹ́kà, òun yóò bẹ Ọlọ́run níbẹ̀. Ó lọ. Ó di aṣọ Káábà mú, ó sunkún tí àwọn tí wọ́n jọ lọ fi ń kí i kú ìbẹ̀rù Ọlọ́run. Nígbà tí ó dé, ó fi àdììtú bi àáfà àgbà kan pé, "Ẹni tí ó bá gba nǹkan ẹlòmíràn, tí ó ti tọrọ àforíjì ní Mẹ́kà, ṣé kò ti bọ́?" Àáfà náà wò ó lójú. Ó ní, "Ṣé Ọlọ́run ni ó ni nǹkan náà?" Ṣùáíbù kí i, ó padà sílé. Síbẹ̀ kò lọ.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí Ṣìfáwù wá, Àlàájà Múínátù kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjì, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, gbé òrùka kan wá bá Ṣùáíbù.

"Bàbá, ìyá wa ní ẹ̀yin ni ẹ ṣe é," ni ọmọbìnrin náà wí. "Àwa méjèèjì la fẹ́ ẹ. Ẹ bá wa là á sí méjì." Ó fa àpótí sún mọ́ tòsí, ó jókòó. "Wọ́n ní òfin yín ni pé kí olóhun máa wò ó."

Ṣùáíbù gbà á. Òdòdó náà ń wò ó láti orí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, pẹ̀lú ewé rẹ̀ tí ó ṣẹ́. Ó mú irin. Ó bu omi. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbéra.

"Ẹ dìde, ọmọ mi," ni ó wí. "Ẹ̀yin kọ́ ni olóhun."

Ó sọ ọ́ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìgbà àkọ́kọ́ tí ọ̀rọ̀ náà yóò ti ẹnu rẹ̀ jáde nìyẹn. Ọmọkùnrin náà bínú, ó ń fẹsẹ̀ janlẹ̀. Ọmọbìnrin náà ni ó sọ̀rọ̀. "Ìyá wa fi ohun olóhun sọ́wọ́ títí wọ́n fi kú, láìmọ̀? Ẹ gbé e lọ, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e lọ kíá, kí ó má baà wúwo sí wọn lọ́rùn níbi tí wọ́n wà."

Ó gba ibẹ̀ lọ bá àwọn ọmọ Àwáwù. Ó rò pé Sìdíkátù yóò lu òun. Ì bá sàn fún un bí ó bá lù ú. Sìdíkátù gbé òrùka náà lé tirẹ̀, ó wò wọ́n pọ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Mo ní gbogbo ènìyàn ló ní etí," ni ó wí.

Ráfátù ni ó bá Ṣùáíbù lọ sí Támálè. Wọ́n béèrè títí wọ́n fi dé ilé Ráímì, ọkọ Ṣìfáwù, tí ó ń tún rédíò ṣe. Ọkùnrin náà fún wọn ní ìjókòó àti omi. Nígbà tí ó gbọ́ ibi tí wọ́n ti wá, ó pa rédíò ọwọ́ rẹ̀.

"Ọjọ́ tí ó bímọ náà ni ó kú," ni ó wí. "Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí ó ti Ìlọrin dé. Ohun tí ó sọ fún mi nípa ibẹ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ. Ó ní òun ṣi ilé kàn."

Ráfátù bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Nígbà náà ni ọmọ kékeré kan jáde láti inú ilé, ọmọ ọdún mẹ́ta àbọ̀, ó di etí aṣọ bàbá rẹ̀ mú, ó ń wo àlejò. Gíláàsì kan wà lọ́rùn rẹ̀.

"Àwáwù ni orúkọ rẹ̀," ni Ráímì wí. "Ìyá rẹ̀ ni ó ní kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Ṣùáíbù, Àlàájì, Bàbá Àdínì, kúnlẹ̀ síwájú ọmọ náà. Ó ti yọ gíláàsì náà kúrò lára òrùka, ó ti fi fàdákà tuntun dè é bí ti àwọn ìyókù. Ó nà á sí i lórí àtẹ́lẹwọ́.

"Àwáwù, tìrẹ nìyí. Ti ìyá rẹ ni. Gbà á, kí o fún mi ní ti ọrùn rẹ yẹn."

Ọmọ náà mú un. Ó gbé e sún mọ́ ojú, ó wo inú rẹ̀ dáadáa. Ó gbé ti ọrùn rẹ̀ sókè, ó wò ó. Ó tún wo ti ọwọ́ rẹ̀. Ó wá gbé e padà sínú àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà náà, ó fi ọwọ́ rẹ̀ kékeré bá a pa ìka rẹ̀ dé mọ́ ọn.

"Ẹ máa mú un lọ," ni ó wí. "Tèmi dára. Tiyín ti ṣẹ́."

Ṣùáíbù fẹ́ ṣàlàyé. Ta ni ó fẹ́ ṣàlàyé fún? Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá mi. Ó ti ṣẹ́." Ó wà lórí orúnkún níbẹ̀ títí Ráímì fi fà á dìde.

Ọmọ náà mọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní ọjọ́ yẹn, ó sì ń wá sí Ìlọrin lẹ́yìn náà. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ráfátù ń bá a pa gíláàsì tòótọ́ mọ́ di ọjọ́ tí yóò fẹ́ ẹ. Ṣùáíbù dá láwàní padà. Sọ́ọ̀fù ìkẹyìn ni ó ń kírun títí ó fi kú. Ráímì ti fi tirẹ̀ jì í. Sìdíkátù pàápàá, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, fi tirẹ̀ jì í. Ta ni ó kù? Ẹni kan ṣoṣo. Ẹni tí ó béèrè ibi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀.

Ìwọ tí o jókòó síbí, kí ni ó wà lọ́wọ́ rẹ tí kì í ṣe tìrẹ? Má sọ fún mi. Èmi kọ́ ni olóhun. Ilẹ̀ tí àbúrò rẹ fi sílẹ̀ kí ó tó rìnrìn àjò ni? Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí o jẹ́rìí sí tí o fi gbé e mì ni? O ní ó di lẹ́yìn Iléyá. O ní ó di ìgbà tí o bá dé Mẹ́kà. Ṣé o bá olóhun ṣàdéhùn pé kí ó dúró dè ọ́ láyé ni? Dìde láti ibí yìí, kí o gba ilé rẹ̀ lọ. Bí ó bá bú ọ, gbà á. Ẹni tí ó ń bú ọ ṣì wà láàyè, o ṣì lè bẹ̀ ẹ́.

Ọlọ́run Ọba, Ìwọ tí a fi wá tì, ṣọ́ wa nígbà tí olóhun bá kọ ẹ̀yìn. Tọ́ wa sí ọ̀nà tí ó tọ́ nígbà tí òtítọ́ bá fẹ́ já láwàní lórí wa. Àwọn tiwa tí wọ́n ti lọ, tí a kò rí bẹ̀ mọ́, bá wa bẹ̀ wọ́n. Ọwọ́ tí a dì yìí, fún wa ní agbára láti tú u fúnra wa, kí ó tó di ọjọ́ tí wọn yóò tú u fún wa.

Àmín.